Òkúta Mẹ́ta Tí Mo Fi Se Sóyà

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí ẹ̀wà sóyà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Mo mọ̀ pé lóde òní, ẹ ń wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ ń mú wàrà sóyà inú páálí, ẹ ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù pé oúnjẹ aṣaralóore nìyí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nítorí sóyà yìí kan náà ni wọ́n ṣe pe ìpàdé ẹbí lé èmi lórí. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá tó bí mi pé kó wá kó ẹrù mi!

Kí ni mo ṣe? Mo gbé òkúta mẹ́ta kalẹ̀. Òkúta lásán. N ò jù ú lu ẹnikẹ́ni.

Àsìkò rẹfolúsọ̀n ni, ìyípadà tí ìjọba ológun gbé dé, nígbà tí gbogbo wa di kámáràdì lójú ara wa, tí rédíò kì í sọ̀rọ̀ méjì kó má sọ pé ká ṣiṣẹ́, ká gbé ìlú ró. Mo ti lo ọdún mẹ́rin nílé ọkọ. Abúlé ọkọ mi wà lẹ́sẹ̀ òkè ní apá Tré, èmi sì jẹ́ ọmọ Soclogbo. Téèyàn bá gbé gààrì lérí ní kùtùkùtù lọ́dọ̀ wa, yóò dé ọjà Ìdáàṣà kí oòrùn tó le. Fidẹ́lì ni orúkọ ọkọ mi, ṣùgbọ́n Bàbá Lúsì lèmi ń pè é, nítorí Lúsì ni àkọ́bí wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ náà máa ń pọ̀ jù nígbà míì, ẹ ó rí i.

Lẹ́yìn Lúsì, mo tún lóyún. Ọmọ náà dé, kò ké. Ẹ̀jẹ̀ wá ń dà lára mi nínú yàrá títí n ò fi mọ ẹni tó dì mí mú mọ́. Alùpùpù aládùúgbò kan ni wọ́n fi gbé mi dé ilé ìwòsàn ní Ìdáàṣà, Bàbá Lúsì jókòó sẹ́yìn mi, ó fi aṣọ dì mí mọ́ra. Ọlọ́run yọ mí. Mo padà sílé lọ́wọ́ òfìfo, ara mi ò sì padà sípò.

Nígbà tí oyún kẹta wọ oṣù kẹrin, mo lọ sọ́dọ̀ sáàjì-fáàmù, ìyẹn obìnrin tó ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn náà. Ó fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó yẹ àtẹ́lẹwọ́ mi wò. Ó bi mí pé kí ni mò ń jẹ. Mo ní iyán. Ó ní pẹ̀lú kí ni? Mo ní pẹ̀lú ọbẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ló wà nínú ọbẹ̀ náà.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ ni? Ẹran wà níbẹ̀ kí ọbẹ̀ tó kúrò lórí iná. Baálé á mú tiwọn, àwọn ọkùnrin á mú tiwọn, ìyá ọkọ á mú tiwọn, àwọn ọmọkùnrin tó ti oko dé á fọwọ́ wá ìdí abọ́. Kó tó kan ìyàwó tó se é, omi ata ló kù. A ò kà á sí ìyà o. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ àwọn ìyá wa.

Sáàjì-fáàmù yẹn kì í ṣe ẹni tó ń ṣe ojú àánú. Ó wò mí lójú kòrókòró.

“Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún dà bíi tọjọ́sí, pẹ̀lú ara tó o gbé wá síwájú mi yìí, o ò ní dìde níbẹ̀. Lọ jẹun. Ìwọ gan-an ni kó o jẹ ẹ́.”

Ó fún mi ní oògùn pupa wẹ́wẹ́ kan láti máa lò. Ó ní kí n wá ẹ̀dọ̀, kí n wá ẹyin, kí n wá ẹ̀wà. Ó ní bí ẹran ò bá kàn mí, àwọn oúnjẹ tuntun kan wà ní bùtíìkì ẹ̀gbẹ́ ọjà tó lè ṣe iṣẹ́ ẹran. Mo dúpẹ́, mo jáde. Ẹ̀rù ikú bà mí, kí n má parọ́ fún yín. Ta ni yóò tọ́jú Lúsì?

Ìyá Ràmà ló ni bùtíìkì náà. Mùsùlùmí ni, ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá oníṣòwò tó ti pẹ́ ní Ìdáàṣà. Ó lẹ́nu, ó sì lawọ́. Lọ́dún yẹn, ohun téèyàn ń wá kì í pẹ́ lórí pákó ìtajà. Ṣúgà dé lónìí, ó tán lónìí. Ọṣẹ dé, ìjà ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ ẹ̀ nìkan ló ń jókòó síbẹ̀ tí eruku ń bò ó. Ohun tí wọ́n sì ní kí n lọ wá nìyẹn!

Ó kó mẹ́ta sílẹ̀ fún mi. Àkọ́kọ́ jẹ́ afúwáánì, ọkà àwọn òyìnbó kan tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ sínú páálí. Ìkejì jẹ́ lántíì, ẹ̀wà kékeré pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọdé. Ìkẹta ni sóyà, róbótó, pọ́nrán, ó le bí òkúta. Mo gbé gààrì tí mo yan sílẹ̀ fún un, mo kó tèmi. Ó ní bí n bá jẹ ẹ́ tán, kí n wá sọ fún òun bó ṣe rí lẹ́nu, torí òun náà ò tíì tọ́ afúwáánì yẹn wò rí. Ẹ gbọ́ ohun tí oníṣòwò ń sọ!

Mo dé ilé, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú afúwáánì. Mo rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ́. Ó ń fà, ó ń yọ̀. Lúsì tu tirẹ̀ dànù. Bàbá Lúsì fi ìka kan kàn án, ó lá ìka náà, ó ní ó jọ gọ́ọ̀mù tí àwọn kámáràdì fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé ìpàdé. Mo jẹ ẹ́ tán níwájú wọn. Mo fi iyọ̀ sí i, mo fi ata díẹ̀ sí i, mo gbé e mì. Ṣé adùn ẹnu ni mò ń wá ni àbí ẹ̀mí mi?

Lántíì ò fa wàhálà. Kì í pẹ́ kó tó rọ̀, ó sì dùn nínú epo. Ìyá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, yọjú sínú ìkòkò, wọ́n bi mí pé ta ló fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀wà náà. Obìnrin gíga gbígbẹ ni Ìyá, wọn kì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá pani lẹ́rìn-ín. Wọn ò jẹ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹnu àwọn ò gba ohun tí ilẹ̀ Ìdáàṣà ò hù.

Sóyà ló dá ọ̀ràn sílẹ̀.

Mo gbé e kaná bí ẹ̀wà. Láti ìgbà tí ìrì wà nílẹ̀ ni, títí oòrùn fi dé àtàrí, ó le síbẹ̀! Igi ń tán. Àsìkò àtise iṣu tó, àwọn ọkùnrin ń bọ̀ láti oko. Ìyá dé, wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n sọ ìkòkò mi kalẹ̀, wọ́n gbé ti iṣu kaná. Èmi náà, agídí mú mi, mo jẹ sóyà ọ̀hún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò ní sọ gbogbo ohun tí inú mi fi mí ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ojú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé mọ̀ mí dáadáa. Ìyá ní Ọlọ́run ti dá mi lóhùn.

Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Ràmà lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo múra ìjà lọ. Obìnrin yìí gbọ́ ẹjọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi yọ lórí ẹ̀. Ó ní ta ló ní kí n se é bí ẹ̀wà? Ó ní wàrà ni wọ́n ń fi í ṣe, bíi wàrà àwọn Fúlàní tí àwa ń pè ní wagasi. Ó ní kí n rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, kí n bó èèpo ẹ̀, kí n lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, kí n fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí n gbé omi rẹ̀ kaná. Bó bá ti hó dáadáa, kí n da omi ògì kíkan sí i, yóò dì. Kí n dì í sáṣọ, kí n gbé òkúta lé e, kí n gé e, kí n dín in. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi látijọ́? Ó ní n ò bi òun.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n níbo ni n ó ti se é? Omi sóyà kì í gba kéèyàn yíjú. Bó bá ti ń hó, ó ń ru ni, ó ń dà síná, àfi kéèyàn dúró tì í. Iṣu ló sì máa ń wà lórí ààrò Ìyá láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Mo wá lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí àpáta ti ṣíji bolẹ̀, tí àwọn ewúrẹ́ máa ń sùn sí. Mo ṣa òkúta mẹ́ta. Ṣé ìlú tí òkúta ti wọ́n ni Ìdáàṣà ni? Mo tò wọ́n, mo dáná sáàárín wọn, mo se sóyà mi.

Ó sì dì! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín. Mo gé e, mo dín in, mo fún Lúsì, mo jókòó sórí àpáta, mo jẹ èyí tó kù. Mo jẹun yó. Ìgbà tí mo jẹ ohun tó ní láárí kẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni ò kọ́kọ́ mú nínú ẹ̀, n ò rántí.

Ilẹ̀ mọ́, mo kí Ìyá, wọn ò dáhùn. Mo kí ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ó dáhùn lábẹ́ ètè, ó yára kọjá. Mo ní kí ló dé? Bàbá Lúsì wọlé wá bá mi, kò lè wo ojú mi. Ó bi mí pé kí ni òun ṣe fún mi.

Mo ní báwo?

Ó ní, “Ìwọ lo dá ààrò sílẹ̀.”

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Nílé bàbá mi ní Soclogbo, ibi tó bá wu obìnrin ló ń gbé òkúta sí, ì báà jẹ́ epo ló fẹ́ sè, ì báà jẹ́ omi ìwẹ̀. Nílé ọkọ mi, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ààrò kan ni ilé kan. Gbogbo ìyàwó ilé ló ń dáná lórí ààrò ìyá ilé. Obìnrin tó bá gbé òkúta mẹ́ta tirẹ̀ kalẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé òun kò bá wọn jẹ mọ́, òun ti kúrò nílé ọkọ. Kì í tún sọ̀rọ̀ mọ́, òkúta ti bá a sọ ọ́. Wọ́n á kàn ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn ẹ̀ kí wọ́n wá mú un. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ fún yín, baálé, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ti rán ẹni kan lórí kẹ̀kẹ́ lọ sí Soclogbo kí n tó jí!

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọkọ mi sílẹ̀ nítorí sóyà? Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú Bàbá Lúsì ti pọ́n. Ó ti gbà pé mo ń lọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n kó òkúta náà kúrò, pé òun á bẹ Ìyá, òun á bẹ baálé, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Kí n sọ òótọ́ fún yín, mo fẹ́ kó o. Ta ló fẹ́ ìtìjú? Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ti wà lórí ọ̀kan. Òòyì kọ́ mi. Ojú mi ṣú, mo fara ti àpáta, òógùn bò mí, bẹ́ẹ̀ ni n ò tíì gbé nǹkan kan. Bíbẹ̀rẹ̀ lásán ni o! Mo dúró síbẹ̀, mò ń gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù. Mo ní ara yìí kọ́ ló máa bímọ ní oṣù márùn-ún sí i. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò lórí òkúta. Mo padà wọlé, mo sọ fún Bàbá Lúsì pé n ò kó o.

Ìyá gbọ́. Wọ́n lọ síbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n gbé òkúta kan, wọ́n yí i gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ òkè. Mo sọ̀kalẹ̀, mo rọra ń sinmi lójú ọ̀nà, mo gbé e padà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún yí i. Mo tún gbé e. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ewúrẹ́ ti mọ ọ̀nà tí òkúta ń gbà, wọ́n ń ṣí kúrò kó tó dé.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí tí délégéè abúlé wa fi dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba fi ṣe olórí wa. Ó ti gbọ́. Ta ni ò gbọ́? Ó kí mi ní kámáràdì, ó ní mo káre, mo ti já ẹ̀wọ̀n àtijọ́ lọ́rùn àwọn obìnrin. Ó ní lọ́jọ́ ìpàdé, òun á mú mi dúró níwájú gbogbo abúlé, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan lè lọ dá ààrò tirẹ̀ sílẹ̀. Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n fi ìborùn bo orí.

Inú bí mi! Ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá ọkọ mi ló fẹ́ gbé lọ sí ìpàdé. Mo ní, “Kámáràdì, èmi ò dáná fún rẹfolúsọ̀n. Ikùn mi ni mo dáná fún.”

Ó yọ ìwé kékeré kan lápò, ó kọ nǹkan sí i, ó lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àsìkò yẹn, ẹ mọ̀ pé ohun tí mo sọ yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń sọ sí délégéè. Ẹ̀rù bà mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó mọ̀ pé wọn ò wá mú mi. Ṣùgbọ́n n ò ní bẹ ẹnikẹ́ni láti jẹun, n ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oúnjẹ mi ṣe àsíá.

Bàbá mi dé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ti délégéè, àwọn àti àbúrò wọn kan. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí mísà. Nígbà tí mo rí wọn lábẹ́ igi máńgòrò, mo fẹ́ sunkún, torí wọ́n ti mú okùn wá láti fi di ẹrù mi.

Baálé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ò jalè, kò ya ọ̀lẹ, kò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti dá ààrò sílẹ̀, ó sì ti ń lọ sí ọjọ́ karùn-ún. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Bàbá mi yíjú sí mi, wọ́n ní kí n sọ tẹnu mi.

Mo dìde. Mo ní ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ mí. Mo ní mo ṣì ń gún iyán ilé yìí lójoojúmọ́, mo ṣì ń pọnmi ilé yìí, ọbẹ̀ tí baálé jẹ lánàá, èmi ló sè é lórí ààrò Ìyá. Mo ní òkúta ẹ̀yìn ilé wà fún ohun tí sáàjì-fáàmù ní kí n jẹ kí n má bàa kú. Baálé ní bó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ni, kí n máa se é lórí ààrò gbogbo ilé. Mo ní mo sè é níbẹ̀, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Baálé ní kí n ṣe sùúrù, pé láyé àwọn ìyá wa, ta ló mọ sóyà, ṣé wọn ò bímọ ni? Wọ́n ní kí n kó òkúta, kí n fọkàn sí Ọlọ́run.

Gbogbo àwọn ọkùnrin ń mi orí. Ojú mi wá là kedere. Mo kọjú sí baálé, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi lọ lórí alùpùpù, ta ló fọ yàrá lẹ́yìn mi?”

Àwọn ọkùnrin ò mọ̀ ọ́n. Ìyá mọ̀ ọ́n, torí Ìyá ló fọ̀ ọ́. Wọ́n gbé omi wọ inú yàrá yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló sọ fún mi, wọn ò sì jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan aṣọ náà. N ò wo ibi tí wọ́n jókòó sí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn débẹ̀.

Mo ní, “Bàbá mi ti dé. Bó bá jẹ́ pé mo ti lọ, kí wọ́n mú mi. Ṣùgbọ́n èmi ò lọ o. Ibí ni mo wà, òkúta mi náà sì wà.”

Wọn ò lè dájọ́. Ẹ mọ ohun tó dí wọn lọ́wọ́? Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí! Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún obìnrin tó dá ààrò tó sì fẹ́ lọ. Èyí tó dá ààrò tí kò lọ, wọn ò ní òfin ẹ̀. Baálé wo ilẹ̀, wọ́n wo Bàbá Lúsì, Bàbá Lúsì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bàbá mi ló dìde. Wọ́n ní, “Ọmọ mi ní òun ò lọ. N ò lè di ẹrù ẹni tí kò lọ.” Wọ́n ká okùn wọn, wọ́n tì í sápò. Wọ́n jẹ iyán Ìyá, wọ́n dúpẹ́, wọ́n mú ọ̀nà Soclogbo pọ̀n. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fọwọ́ kan orí mi.

Ṣé ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Kò tán o. Ìyá ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Odindi oṣù márùn-ún! Lúsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń rán sí mi. Wọ́n á ní, “Lúsì, sọ fún ìyá rẹ pé iṣu ti jinná,” nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí. Èmi náà á ní kí Lúsì sọ fún Ìyá pé mo gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò yí òkúta mọ́. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Lúsì ti oko dé pẹ̀lú igi ìdáná. Ó dúró láàárín àgbàlá, ẹrù lórí, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó wá já ìdajì sẹ́nu ààrò ìyá rẹ̀, ó rìn gba iwájú gbogbo èèyàn kọjá, ó lọ já ìdajì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta mi. Jẹ́jẹ́ ló ṣe é. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó fi òrùka sí mi lọ́wọ́ lọ.

Mo ń jẹun. Sóyà, lántíì, ẹyin bí mo bá rí. Afúwáánì gọ́ọ̀mù yẹn náà, mo jẹ ẹ́ tán pátápátá, torí mo ti fi gààrì mi gbà á! Mo ń lo oògùn mi pẹ̀lú, n ò ní parọ́ pé sóyà nìkan ló dá a ṣe. Sáàjì-fáàmù ń fa ìpéǹpéjú mi lóṣooṣù. Nígbà tó ku oṣù kan, ó wò ó, ó ní inú rẹ̀ ti pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti padà sára mi. Mo gba dígí ọwọ́ ẹ̀, mo wò ó fúnra mi.

Ní Ìdáàṣà ni mo bí i sí, ní òwúrọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wá, ó wá gan-an, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Obìnrin ni ọmọ náà. Ó ké kó tó jáde tán.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé wa délé. Àlejò kún àgbàlá, ìkòkò iṣu ńlá wà lórí ààrò Ìyá. Mo wọ yàrá lọ sinmi. N ò tíì dùbúlẹ̀ dáadáa tí mo fi gbọ́ ìró lẹ́yìn ilé. Gbì! Òkúta lu òkúta. Ara mi gbóná. Mo ní lónìí kẹ̀? Lójú àlejò? Mo gbé ọmọ mọ́ àyà, mo di ògiri mú, mo jáde lọ bá wọn. Lọ́jọ́ yẹn, mo ti pinnu láti sọ̀rọ̀ sí ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìyá ló bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń fẹ́ iná. Ìkòkò omi ìwẹ̀ wà lórí òkúta mi, omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ, tí wọ́n fẹ́ fi jó ikùn mi. Òkúta kan ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti là sí méjì. Òkúta tuntun wà ní ipò rẹ̀. Wọn ò gbójú sókè.

Wọ́n ní, “Èyí tó o ń lò tẹ́lẹ̀ ti sán. Ṣé o fẹ́ kí omi gbígbóná dà lé ọ lẹ́sẹ̀ ni?”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ láti oṣù márùn-ún nìyẹn. Mo ní rárá, Ìyá. Wọ́n ní kí n gbé ọmọ wọlé, atẹ́gùn ń fẹ́. Mo gbé e wọlé.

Ìyá ti kú báyìí, Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Wọn ò tọ́ sóyà wò títí wọ́n fi kú. Mo gbé e fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ní ẹnu àwọn ò gbà á. Agídí wọn kò kéré sí tèmi, n kò sì bínú. Ọmọ náà ti dàgbà, Kútọnu ló ń gbé, òun ló ń ra wàrà sóyà inú páálí tó ń ya fọ́tò rẹ̀ sí mi. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí fọ́tò náà, ẹ̀yìn mi á ro mí níbi tí mo fi ń gbé òkúta gun òkè.

Nítorí náà, ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ mi. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ilé ọkọ, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n bó bá di ti ẹ̀mí yín, ẹ jẹun! Bí wọ́n bá yí òkúta yín, ẹ lọ gbé e. Bí wọ́n bá tún yí i, ẹ tún lọ gbé e. N ò sọ pé kẹ́ ẹ bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Oúnjẹ wo lẹ gbé wọlé tí wọ́n fi pè yín lẹ́jọ́? Ta ló dúró tì yín, ta ló yí òkúta yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, gbogbo ẹ̀ ni n ó kà. Bí ẹ bá sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se afúwáánì tí kì í fi í jọ gọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́. Mo ti ń wá a láti ìgbà rẹfolúsọ̀n.